Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dọdẹ tòlótòló fún ìgbà àkọ́kọ́

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Amẹ́ríkà. Ẹ má wulẹ̀ náwó rẹpẹtẹ sórí ìbọn. Géèjì 12 (géèjì ni ìwọ̀n ihò ẹnu ìbọn) dára, ṣùgbọ́n géèjì 20 fúyẹ́, kì í sábà gbá èjìká tó bẹ́ẹ̀, ó sì tó pa tòlótòló igbó. Choke ẹnu ìbọn, ìyẹn ibi tí ẹnu rẹ̀ ti fún, ni kí ẹ kọbi ara sí: full, ìyẹn èyí tó fún dáadáa, tàbí èyí tí wọ́n ṣe fún tòlótòló, kí ọta má baà fọ́n ká jù.

Orí àti ọrùn là ń yìnbọn sí, kì í ṣe àyà. Torí náà, kí ẹ tó wọgbó, ẹ ya orí àti ọrùn ẹyẹ sórí pépà ńlá, ẹ gbé e sí yáàdì 40, kí ẹ fi ọta tí ẹ máa lò gan-an dán an wò. Bí ọta tó bà á kò bá pọ̀, ẹ sún mọ́ ọn dé yáàdì 30. Ibi tó bá ti dára, ẹ má yìnbọn kọjá ibẹ̀.

Ojú tòlótòló mú gan-an, ẹ bo ojú àti ọwọ́ yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má wọ ohun tó pupa, funfun tàbí búlúù, títí kan ìbọ̀sẹ̀: àwọ̀ orí akọ rẹ̀ nìyẹn, ọdẹ mìíràn lè ṣì yín mú. Ẹ fẹ̀yìn ti igi tó fẹ̀ ju èjìká yín lọ.

Ẹ tètè gba ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ yín.