Ẹ fẹ́ mòòkùn ní Kálífóníà? Ẹ ka èyí ná

Àwọn ará wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Los Angeles máa ń béèrè pé ọ́fíìsì ìjọba wo ni wọ́n ti ń gbàwé àṣẹ láti mòòkùn. Kò sí. Ìjọba ò bi ẹnikẹ́ni ní káàdì kó tó wọ òkun. Àmọ́ bí ẹ ò bá ní káàdì Open Water, ìyẹn káàdì òmòòkùn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti PADI tàbí NAUI tàbí irú wọn, àwọn àjọ tó ń kọ́ni ní ìmòòkùn, ó ṣòro kí ẹ tó rí ṣọ́ọ̀bù tó máa rọ afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà yín tàbí ọkọ̀ tó máa gbé yín. Àwọn oníṣòwò fúnra wọn ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yìí, ẹ̀bẹ̀ ò sì wọ̀ wọ́n létí.

Fún káàdì PADI, ẹ ó lúwẹ̀ẹ́ 200 mítà láìdúró, ẹ ó sì léfòó fún ìṣẹ́jú 10. Ẹni tí kò bá mọ omi í wẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ sí YMCA. Wọ́n ń kọ́ àgbàlagbà níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìlera náà wà, ẹ má parọ́ sínú rẹ̀. Ikọ́ fée, ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀jẹ̀ SS: kí dókítà yẹ̀ yín wò kẹ́ ẹ tó sanwó kíláàsì.

Erékùṣù Catalina ni mo máa ń ní kẹ́ni tuntun ti bẹ̀rẹ̀, ní Casino Point ní Avalon. Àtẹ̀gùn ló sọ̀ kalẹ̀ sínú omi níbẹ̀, igbó kelp, ewéko òkun tó ń ga bí igi, ò sì jìnnà. Tó bá mọ́ra tán, kó wá ọkọ̀ ní Ventura tàbí Santa Barbara lọ sí erékùṣù Anacapa àti Santa Cruz. Omi Catalina lè tó 20°C nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ti erékùṣù San Miguel tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an. Aṣọ rọ́bà tó nípọn mìlímítà 7, fìlà àti ìbọ̀wọ́ rẹ̀, kì í ṣe fáàrí.

Ẹ̀yin obìnrin, ọ̀rọ̀ irun rèé. Fìlà rọ́bà yẹn máa ń fún mọ́ orí pinpin, ṣùkú ò lè wọ̀ ọ́. Kọ́lẹ́sẹ̀ ló dáa jù. Bí fọ́nrán irun kan bá há sábẹ́ etí gíláàsì ojú, omi á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gòkè.

Kelp lè ga ju 30 mítà lọ, ewé rẹ̀ á sì tẹ́ sójú omi bí ẹní. Bó bá wé mọ́ yín, ẹ má yí, ẹ má sì jà. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ mú igi rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, á kán. Bẹ́ ẹ bá fà á, kò ní já bọ̀rọ̀. Ẹ ṣẹ́ afẹ́fẹ́ kù tẹ́ ẹ máa fi gba abẹ́ omi padà sídìí ọkọ̀, torí òkè gan-an ló ti ń dí èèyàn lọ́nà jù.

Ohun tẹ́ ẹ bá mú jáde nínú òkun ni ìjọba ò fi ṣeré. Ọwọ́ lásán ni òmòòkùn fi ń mú alákàsà, láti ìparí oṣù kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá sí àárín oṣù kẹta, 7 péré lójúmọ́. Ẹ ó ní láísẹ́ǹsì ìpẹja, káàdì alákàsà àti ohun èlò ìwọ̀n: bí ìgbá ẹ̀yìn rẹ̀ ò bá tó ínǹṣì 3¼, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀. Àwọn ibì kan wà tí wọn ò gbà kẹ́ ẹ mú ohunkóhun rárá. Abalone, ìgbín òkun ńlá, ẹ fi sílẹ̀. Garibaldi, ẹja aláwọ̀ ọsàn tó máa ń dojú kọ èèyàn bí ẹni tó nilé, ẹja òkun ti ìpínlẹ̀ ni láti 1995. Ẹ wò ó lásán. Ẹ̀ṣọ́ lè dúró dè yín ní èbúté, "mi ò mọ̀" ò sì lè gbà yín.

Bí ẹ bá máa sùn nínú ọkọ̀, ẹ béèrè ọ̀nà àbájáde kejì àti ẹni tó ń ṣọ́nà lóru. Ní September 2019, iná jó ọkọ̀ Conception létí Santa Cruz, èèyàn 34 kú. Wọ́n sùn sí ìsàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn.

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù sí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá mòòkùn: lẹ́yìn ìmòòkùn bíi mélòó kan, ó kéré tán, wákàtí 18 kẹ́ ẹ tó fò.