Bí mo ṣe fi module input tuntun sínú tabló ilé iṣẹ́ kajú ní Sabe

Ìyá kan tó ní ilé iṣẹ́ kajú lẹ́yìn Sabe, ní Bẹ̀nẹ̀, ló pè mí, wọ́n fẹ́ kí otomáti wọn, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ láti inú tabló (àpótí iná), máa gba ìròyìn swíìṣì mìíràn sí i, ti ìwọ̀n omi bọ́ílà tí wọ́n fi ń sè kajú, àti ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ tó ń fọ́ èèpo. Module input kan péré ni, ẹ̀yà tó ń gba ìròyìn swíìṣì wọ inú otomáti, ojú 16 fún wáyà swíìṣì, volt 24. Ìyá ní, "Ọmọ mi, ṣebí o kàn máa tì í bọ inú tabló ni?" Mo ní ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ka ìwé ẹ̀.

Ìkìlọ̀ ló kún iwájú ìwé ọ̀hún: ẹni tó mọ iṣẹ́ nìkan ni kó fọwọ́ kàn án, inú àpótí tó ní ìdérí ni kó wà, má yọ ọ́ nígbà tí iná bá wà lára ẹ̀. Àmì CE, tó ń sọ pé ọjà bá òfin Yúróòpù mu, wà lára module lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é ló ń jẹ́rìí ara ẹ̀ nípa òfin Yúróòpù níbẹ̀, kò kan tabló tí èmi fẹ́ dè. Ìyẹn wà lọ́rùn mi.

Mo pa disjoncteur, swíìṣì ńlá tó ń gé iná tabló, mo fi àgádágodo tì í, kọ́kọ́rọ́ wọ àpò mi. Ẹ rántí jẹnẹrétọ̀ o! Tí iná SBEE, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Bẹ̀nẹ̀, bá lọ báyìí, jẹnẹrétọ̀ wọn máa ń tan fúnra ẹ̀ ni, torí náà mo tì í pa pẹ̀lú. Mo wá yẹ tẹ́sítà wò níbi tí iná wà dájú, mo fi wo tabló, mo tún padà lọ wò ó níbi àkọ́kọ́, kí n má lọ gba irọ́ tẹ́sítà tó ti kú gbọ́. Ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an, ara ń ta ṣáṣá tí èèyàn bá fọwọ́ kan irin, mo fọwọ́ kan irin tó wọlẹ̀, kí iná ara mi má bàa ba module jẹ́, kí n tó tú module sílẹ̀ nínú ọ̀rá ẹ̀.

Wáyà ò ṣòro: embout (fìlà irin kékeré) lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà lára ẹ̀, wáyà volt 220 jìnnà sí ti 24.

Ibi tí a ti jiyàn ni bọ́tìnì pupa, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ láti dá ẹ̀rọ dúró ní pàjáwìrì. Ìyá fẹ́ kí n mú un wọ inú module, kí otomáti fúnra ẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró, owó á dínkù. Mo ní rárá, ìyá. Tí inú otomáti bá dàrú, ta ló máa gbọ́ bọ́tìnì? Wáyà bọ́tìnì yẹn gbọ́dọ̀ gba relay ààbò kọjá, swíìṣì tí kò dúró de otomáti, kó gé iná mọ́tò tààrà, ẹ̀ka kan lásán ló máa lọ sí module kí otomáti lè mọ̀ pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kùn, wọ́n sì san owó relay.

Mo tan iná, mo wọn ojú input ní ibi swíìṣì tó jìnnà jù, volt 23 ni, ó dára, torí IEC 61131-2, ìlànà àgbáyé fún otomáti, sọ pé fún input type 1 bí irú èyí, láti volt 15 sókè ni otomáti máa kà á sí pé ó ti tàn. Mo tẹ bọ́tìnì pupa, contactor, swíìṣì tó ń gbé iná fún mọ́tò, já gbàù, iná kékeré orí module kú. Mo fà á sókè padà, ẹ̀rọ ò mira, àfi ìgbà tí wọ́n tẹ bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀. Mo wá já wáyà bọ́tìnì pupa sílẹ̀ pátápátá, ẹ̀rọ tún dúró. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ìyá fojú ara wọn rí, wọ́n sì ní kí n tún un ṣe níṣojú àwọn òṣìṣẹ́ wọn.