Bí Mo Ṣe Fi Ìyẹ́ Adìyẹ Ya Àwọn Ọmọbìnrin Tó Fi Bàálù Jagun

Oníbàárà mi kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbé iṣẹ́ yìí wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Òṣogbo níbí. Ó ní òun fẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ yáàdì mẹ́rin tí òun máa fi ta ilé ìwé ọmọbìnrin kan lọ́rẹ, kí wọ́n gbé e kọ́ sí láíbìrì wọn. Mo ní kò burú, àwòrán wo ni kí n yà sí i, Ìbàdàndùn ni àbí Olókun? Ó ní bàálù ni. Bàálù ogun, tí ọmọbìnrin ń wà.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti wà nídìí aró. Mo ti ya ọ̀nì, mo ti ya ọ̀kín, mo ti ya Yèyé Ọ̀ṣun tòun ti ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn tó ń wá sọ́dún ní oṣù kẹjọ. Bàálù ni mi ò yà rí. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ti Tolúlọpẹ́ Arótilé ni?" Ọmọ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ Ìjùmú ní Kogí, obìnrin àkọ́kọ́ tó wa hẹlikọ́pítà ìjà ní Nàìjíríà. Ó fò lọ bá àwọn agbébọn jà, kò sí ohun tó ṣe é, àfi mọ́tò tó ń fi ẹ̀yìn rìn nínú bárékè ní Kàdúná, ní oṣù keje 2020. Ọmọ ọdún 24. Ẹ̀gbọ́n ní òun náà sunkún rẹ̀, àmọ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni òun ń wí, àwọn ọmọbìnrin Rọ́ṣíà, ilẹ̀ Sófíẹ̀tì nígbà náà, tó ja ogun àgbáyé kejì nígbà tí Jámánì ya wọ ilẹ̀ wọn ní 1941. Ó fi fọ́tò mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó san ìdajì owó, ó lọ.

Alẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi kàwé kí n tó fọwọ́ kan aṣọ, torí mi ò lè ya ẹni tí mi ò mọ̀. Marina Raskova lorúkọ obìnrin tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní 1938, òun àti obìnrin méjì mìíràn gbéra ní Mọ́sìkò, wọ́n fò láìbalẹ̀ títí dé ìkángun ìlà oòrùn ilẹ̀ wọn. Nígbà tí epo fẹ́ tán, Raskova fi párásúùtì bọ́ sínú igbó, ọjọ́ mẹ́wàá ló fi rìn kó tó dé ibi tí bàálù wọn balẹ̀ sí. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀, Stalin, olórí ilẹ̀ wọn, á gbọ́. Ní oṣù kẹwàá 1941, wọ́n fún un láyè kó kó ẹgbẹ́ ogun òfuurufú mẹ́ta jọ: 586 tó ń fi bàálù ìjà lé bàálù ọ̀tá, 587 tó ń ju bọ́ǹbù lọ́sàn-án, 588 tó ń jù ú lóru. Ìlú Engels létí odò Volga ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn, ogún ọdún àti díẹ̀ ni. Wọ́n gé irun wọn kúkúrú, wọ́n kó aṣọ ọkùnrin fún wọn, bàtà sì tóbi débi pé pépà ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ kó má baà yọ lẹ́sẹ̀.

Nínú àwọn tó ń wa bàálù náà, Lydia Litvyak ló wọ̀ mí lójú jù. Ọmọ Mọ́sìkò, oṣù kẹjọ 1921 ni wọ́n bí i. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n fún wọn ní bàtà òtútù, ó tú irun ẹran inú rẹ̀, ó rán an mọ́ kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, Raskova ní kó tú u kíá. Wọ́n tún ní ó máa ń rán èèyàn lọ gba oògùn pẹ́rọ́sáìdì ní ọsibítù, tó fi ń pa irun orí rẹ̀ láró. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni! Ní oṣù kẹsàn-án 1942, lórí ìlú Stalingrad, ó já bàálù Jámánì méjì lulẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1943 ó gbéra, kò padà mọ́. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù kó pé ọmọ ọdún 22. Wọn ò rí òkú rẹ̀ lójú ogun, ìyẹn ló fà á tó fi di 1990 kí wọ́n tó fi í joyè Akọni ilẹ̀ Sófíẹ̀tì.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n kọ 12 sára bàálù rẹ̀, iye tó já lulẹ̀. Mo kọ̀. Ìwé kan ní 12, òmíràn ní kò tó bẹ́ẹ̀, àdìrẹ kì í sì í ṣe síléètì tí èèyàn lè nù kó tún kọ. Ó ní ó dáa, kí n ya òdòdó lílì sí i lára nígbà náà, nítorí ìnagijẹ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ tí wọ́n gé kúrú ni wọ́n sọ di lílì. Mo kó gbogbo òdòdó náà lọ sí etí aṣọ, yíká. Ibẹ̀ ni òdòdó ń gbé nínú àdìrẹ.

Ó ku bí ọmọbìnrin ṣe ń jókòó sínú bàálù. Fọ́tò tí mo ní, ẹ̀gbẹ́ bàálù ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo bá yá àkẹtẹ̀ ọlọ́kadà kan ládùúgbò, mo dé e fún ọmọ iṣẹ́ mi, ọmọ ọdún 19, mo gbé e jókòó sórí àpótí, mo ki ọmọrogùn sí i láàárín orúnkún.

"Jókòó bí ẹni tó ń wa bàálù."

"Màámi, báwo ni wọ́n ṣe ń jókòó?"

Èmi náà ò kúkú mọ̀. Mo ní kó ṣe bí ẹni tó ń ro àmàlà fún àlejò tó ti ń pariwo. Ojú rẹ̀ le lójijì, èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó di ọmọrogùn mú dáadáa. Ìyẹn gan-an ni mò ń wá! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú bírò ni mo rí i tó ń rọra fa irun rẹ̀ jáde lábẹ́ àkẹtẹ̀. Mo ní kí lèyí? Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni mo ṣe é, lánàá." Mo rántí kọ́là onírun Litvyak, mo jẹ́ kí irun náà wà níta. Ó wà lórí aṣọ títí di òní, ìlà mẹ́ta péré.

Mo ṣìnà níbi bàálù fúnra rẹ̀. Fọ́tò àkọ́kọ́ tí Ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́, bàálù oníyẹ̀ẹ́ méjì ni, ọ̀kan lórí èkejì, pákó àti aṣọ ni wọ́n fi kàn án. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi yà á sórí páálí kí n fi ṣe ìwọ̀n. Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó ní, "Aláró, èyí kọ́. Po-2 nìyí, ti àwọn 588." Àwọn ọmọ yẹn, tí wọ́n bá ti sún mọ́ ibùdó ọ̀tá lóru, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gbé wọn lọ, ìró aṣọ àti wáyà nìkan ni sọ́jà máa gbọ́ kí bọ́ǹbù tó bọ́. Àwọn ará Jámánì ń pè wọ́n ní àjẹ́ òru. Níbí, tí wọ́n bá pe obìnrin ní àjẹ́ tó ń fò lóru, ẹ̀rín tán nílẹ̀. Àmọ́ Ẹ̀gbọ́n ní àwọn tó ń bá bàálù jà lójú ọ̀run ni òun ń fẹ́, bàálù wọn sì ni Yak-1: ìyẹ́ ẹyọ kan, ẹ́ńjìnnì kan, ìjókòó kan. Pákó ni ìyẹ́ tiẹ̀ náà. Mo tún páálí gé. Mo fi Po-2 kékeré kan sí igun ìsàlẹ̀, torí mi ò lè jẹ́ kí iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan ṣòfò.

Ẹ̀kọ wá kàn. Mo fọ kọ́tìnnì funfun náà tẹ́lẹ̀ kí sítáàṣì ara rẹ̀ jáde, mo lọ̀ ọ́. Mo ṣẹ́ láfún lẹ́ẹ̀mejì, mo po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn, mo fi omi gbígbóná rò ó, mo tún fi asẹ́ aláṣọ sẹ́ ẹ. Tó bá ki jù, á máa sán tó bá gbẹ. Tó bá ṣàn jù, ìlà á fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Mo máa ń ti ìyẹ́ bọ̀ ọ́, kí n gbé e sókè: tí ẹ̀kán kan bá rọ̀ sẹ́nu ìyẹ́ tí ò já, ó ti jinná. Ìyẹ́ apá adìyẹ ni mò ń lò, mo fi abẹ gé orí rẹ̀ ṣóńṣó. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Màámi, ìyẹ́ la fi ń ya àwọn tó ń fò." Mo ní kó jẹ́ kí n gbájú mọ́ṣẹ́.

Àwòrán àárín aṣọ náà ló gba agbára mi. Ọjọ́ 19 oṣù kẹta 1943 ni, lórí Kastornaya. Oríta ojú irin ni ibẹ̀, ọkọ̀ tó kó sọ́jà ń kọjá. Èmi tí mo dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin Òṣogbo, tí rélùwéè ti dé láti 1907, mo mọ bí èrò ṣe ń pọ̀ ní irú ibẹ̀. Tamara Pamyatnykh àti Raisa Surnachevskaya, ọmọ ẹgbẹ́ 586, wà lókè, àwọn méjì péré. Wọ́n yọ sí bàálù bọ́ǹbù Jámánì 42. Wọn ò sá. Oòrùn wà lẹ́yìn wọn, wọ́n já wọ àárín wọn láti òkè, wọ́n já mẹ́rin lulẹ̀, àwọn yòókù da bọ́ǹbù nù sínú oko, wọ́n ṣẹ́rí padà. Ìyẹ́ bàálù Pamyatnykh kán, ó fi párásúùtì bọ́ sílẹ̀. Surnachevskaya fi ikùn bàálù tiẹ̀ gúnlẹ̀. Àwọn méjèèjì yè é.

Mo ya àwọn méjì náà ńlá, kọ̀ọ̀kan tó apá mi. Ó ku 42. Mo ní màá ya gbogbo wọn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí tí mo bá ya mẹ́wàá kí n ní ó tó, ta ló máa mọ ohun tí ojú àwọn ọmọ yẹn rí? Ẹyọ kan, ìlà mẹ́ta ni: ara, ìyẹ́, ìrù. Ọwọ́ ń ro mí. Mo ti dé 31 nígbà tí fóònù dún, Ẹ̀gbọ́n ló ń béèrè ibi tí iṣẹ́ dé. Mo dá a lóhùn, mo padà síbẹ̀, mo ń kà á lọ.

Òjò oṣù kẹfà ò jẹ́ kí ẹ̀kọ gbẹ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta oòrùn jáde, mo po aró. Aró òyìnbó ni, kì í ṣe èlú. Mo yọ́ kọ́sítíìkì sínú omi tiẹ̀, mo bo imú mi, mo da kẹ́míkà haidirọ́ọ̀sì sí i, mo dúró títí ojú aró fi yọ fóòmù aláwọ̀ bàbà tó ń dán. Bí mo ṣe ní kí n ti aṣọ bọ̀ ọ́, ọmọ iṣẹ́ mi kọ ẹsẹ̀ mọ́ garawa. Gbogbo rẹ̀ dà sí àgbàlá. Màmá aládùúgbò wa, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, yọjú lójú fèrèsé, ó pariwo bí Ọ̀ṣun ṣe pariwo fáwọn tó tẹ ìlú yìí dó nígbà tí igi tí wọ́n gé wó lu odò rẹ̀: "Oṣó igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo rẹ́rìn-ín, mo lọ ra aró mìíràn l'Ọ́jà Ọba.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo rì í, díẹ̀díẹ̀, torí kọ́sítíìkì lè tú ẹ̀kọ láfún tó bá pẹ́ nínú rẹ̀. Tó bá ti ń jáde, àwọ̀ ewé ni, bí ewé ẹ̀fọ́. O ò ní ṣẹ́jú tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á máa dúdú lọ láti etí títí yóò fi di sánmà òru. Tó bá gbẹ, a tẹ́ ẹ sílẹ̀, a fi ọwọ́ ha ẹ̀kọ kúrò. Àwọn ọmọbìnrin náà jáde funfun.

A gbé e kọ́ sí láíbìrì ní ọjọ́ Jimọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé yí i ká, Ẹ̀gbọ́n ń ṣàlàyé Kastornaya fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ kékeré tó gbé gíláàsì wọ̀, ò gbọ́ ohunkóhun, ìka ló ń nà sí ara aṣọ, ẹnu rẹ̀ ń lọ. Ìgbà tó ṣe, ó yí padà sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, 41 ló wà níbí."

Ẹ̀gbọ́n wò mí. Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Mo ní ọ̀kan ti já bọ́ kí n tó débẹ̀.