Ta ni yóò dá ààyè ọ̀rọ̀ padà?
Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Ìlọrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń fi ctypes, ohun èlò tó so Python mọ́ èdè C, pe iṣẹ́ èdè C láti inú Python. Bí ẹ bá kọ c_char_p (àdírẹ́sì ọ̀rọ̀) sí restype, ìyẹn irú èsì, strdup (iṣẹ́ C tó ń da ọ̀rọ̀ kọ sínú ààyè tuntun), Python yóò ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n yóò sọ àdírẹ́sì rẹ̀ nù, ẹ kò sì ní rí ohun tí ẹ ó fún free (iṣẹ́ C tó ń dá ààyè padà fún kọ̀ǹpútà) mọ́. Irú c_void_p (àdírẹ́sì lásán) ni kí ẹ lò níbẹ̀, kí ẹ fi string_at da ọ̀rọ̀ náà kọ, kí ẹ tó wá pe free, èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ c_void_p sí argtypes rẹ̀, ìyẹn irú ohun tí ó ń gbà (ọ̀pọ̀ ń gbójú fo èyí), kí àdírẹ́sì oníbíìtì 64 má baà gé kù sí 32. Ọ̀rọ̀ tí getenv (iṣẹ́ C tó ń ka ètò àyíká kọ̀ǹpútà) bá dá padà kì í ṣe tiwa, nítorí náà a kò gbọdọ̀ pe free lé e lórí; èyí tí sqlite3_mprintf (iṣẹ́ inú SQLite, ètò ìpamọ́ dátà) bá sì ṣe, sqlite3_free ló tọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń pèsè ààyè, báìtì ni kí ẹ kà: lẹ́tà 6 ni “Ìlọrin”, ṣùgbọ́n ó kéré tán, báìtì 9 ni yóò gbà nínú UTF-8 (ọ̀nà tí a ń gbà fi báìtì kọ lẹ́tà), láìka báìtì òdo tí ó ń parí rẹ̀.