Bí mo ṣe wo ráútà ilé wa sàn ní Ṣómólú

Ráútà ilé wa, ẹ̀rọ tó ń fi síìmù gba íntánẹ́ẹ̀tì tó sì ń pín in fún gbogbo ilé, kì í kú pátápátá. Ì bá tiẹ̀ kú, kí ó yé wa pé ó ti kú. Á ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é rí, tó bá wá di àkókò tí mo fẹ́ fi fáìlì ìwé ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé, tàbí tí oníbàárà mi kan n'Íbàdàn bá pè mí lórí fídíò, á dákú, á jí, á tún dákú. Iṣẹ́ títo ìwé fún ìtẹ̀ ni mò ń ṣe, Ṣómólú sì ni mò ń gbé, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í jìnnà sétí. Íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ń ṣe ségesège, owó ló ń gbà lọ́wọ́ mi.

"Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọn ò dáa" ni gbogbo ará ilé ń sọ. Ìyàwó mi ní ká kúkú ra síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn. Èmi ò gbà. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani: mo fẹ́ mọ ibi tí àìsàn náà wà kí n tó náwó oògùn.

Mo fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ẹ̀yìn ráútà, mo pa wáìfáì láptọ́ọ̀pù náà, mo sì ṣí Command Prompt (ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú ọ̀kan mo tẹ ping 192.168.1.1 -t, àṣẹ tó ń ké sí ẹ̀rọ léraléra láti mọ̀ bóyá yóò dáhùn; àdírẹ́ẹ̀sì ráútà fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ti ẹlòmíràn lè jẹ́ 192.168.0.1, ẹ wo sítíkà abẹ́ rẹ̀. Nínú ìkejì mo tẹ ping 8.8.8.8 -t, ìyẹn jẹ́ ti Google lóde. Bí ráútà bá ń dáhùn tí Google ò dáhùn, ọ̀nà òde ló dí. Bí àwọn méjèèjì bá dákẹ́ pọ̀, ráútà gan-an ló ṣubú. Lóṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já létí òkun Côte d'Ivoire, tí ọwọ́ àwọn báńkì pàápàá dilẹ̀, ẹni tó bá tẹ rísẹ́ẹ̀tì ráútà rẹ̀ lọ́jọ́ náà kàn fìyà jẹ aláìṣẹ̀ ni.

Ní tiwa, àwọn méjèèjì jọ dákẹ́ ni. Nígbà tí ráútà jí padà, mo tẹ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sínú bíráósà láti wọ ojú ewé rẹ̀, mo wo ibi tí wọ́n kọ uptime sí, èyí tó ń sọ iye àkókò tó ti wà lórí ìdúró. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ a ò pa á láti àná. Ó ń kú fúnra rẹ̀, ó ń jí fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí síìmù nìyẹn, ó ti di ọ̀rọ̀ iná.

L'Ékòó, ṣájà ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe ráútà. Iná tí wọ́n mú lọ tí wọ́n tún mú dé, iná bàìbàì alẹ́, jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́ bí arúgbó, orí ṣájà ni gbogbo rẹ̀ ń dà lé. Tiwa gbóná débi pé mi ò lè dì í mú pẹ́, ike rẹ̀ sì ti pọ́n níbi tí wáyà ti jáde. 12V 1A ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn fóòtì 12, áḿpù 1. Mo fi míítà wọn fóòtì rẹ̀ láìsí ráútà lẹ́nu rẹ̀: 12.1. Ẹlòmíràn á ní ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ta ní í mọ agbára alááárù tí kò tíì gbẹ́rù? Mo bó ara wáyà rẹ̀ díẹ̀, mo fi ráútà sí i, mo tún un wọ̀n: 10.6. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáìlì ńlá kan ránṣẹ́, ó já wálẹ̀ sí 9 àti díẹ̀, gbogbo iná iwájú ráútà pa lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tú ike ṣájà náà. Kàpásítọ̀ kan, ohun kékeré tó ń tọ́jú iná, wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Tirẹ̀ ti yọ gọngọ, omi àwọ̀ ilẹ̀ kan sì ti gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀. (Bí ẹ ò bá mọ iṣẹ́ iná, ẹ má tú u o. Kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ ṣì lè gbá yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì.)

Mo gba Computer Village lọ n'Íkẹjà. Ọmọkùnrin kan ní òpópónà Otigba na ọ̀kan sí mi: "Bọ̀dá, 15V lèyí, ó lágbára ju tiyín lọ." Mo ní, "Àbúrò, agbára tí yóò jó ráútà mi nìyẹn." Fóòtì gbọ́dọ̀ bá ohun tí ráútà kọ mu. Áḿpù ni kò sí láburú bó bá ga, torí ìwọ̀n tí ráútà fẹ́ ló máa fà. 12V 2A ni mo rà, mo sì wo àwòrán kékeré ara rẹ̀ dáadáa láti rí i pé àárín ẹnu rẹ̀ ni pọ́sítíìfù wà, bíi ti àtijọ́.

Àìkú-àìjí yẹn dópin. Ká ní pálọ̀ nìkan la ń gbé, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn, ògiri búlọ́ọ̀kù ló sì wà láàárín. Ráútà wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, lórí sítáǹdì onírin, nítorí ibẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Áàpù kan lórí fóònù fi hàn mí pé gbogbo àdúgbò ti kó jọ sórí ojú ọ̀nà wáìfáì (channel) 6, tiwa náà sì wà níbẹ̀. Lórí 2.4 GHz, ìgbì tí wáìfáì tiwa ń lò, ojú ọ̀nà 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í gun ara wọn lórí. Mo gbé tiwa lọ sí 11, mo sì dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí 20 MHz. Ó sàn díẹ̀.

Ibi tí mo ti rí nǹkan gidi ni nọ́ńbà RSRP tó wà lójú ewé ráútà, èyí tó ń sọ bí ó ṣe ń gbọ́ máàsì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sí. Lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, −112 dBm. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà Bárígà: −94. Bí ó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ni agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, 10 kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po 10. Ìyàtọ̀ 18 yìí lé ní ìlọ́po 60, láìná kọ́bọ̀. Kí ẹ tó ra ráútà tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé ti ọwọ́ yín kiri inú ilé.

Wàhálà tó wá kù ni pé ojú fèrèsé tó dára fún gbígbọ́ máàsì kò dára fún pípín wáìfáì: ìdajì rẹ̀ ń lọ sí títì. Mo bá pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ráútà àtijọ́ dúró sójú fèrèsé kó máa gba íntánẹ́ẹ̀tì, mo pa wáìfáì tirẹ̀. Mo ra ráútà Wi-Fi 6 kan, mo gbé e sókè nínú kọ́rídọ̀, mo sì fi wáyà so àwọn méjèèjì pọ̀. Wi-Fi 6 bẹ̀rẹ̀ sí gba ìwé ẹ̀rí lọ́dún 2019, 802.11n, ìran wáìfáì ọdún 2009, ni ti àtijọ́, kò sì ní ìgbì 5 GHz rárá. Ẹni tó tà á fún mi fẹ́ kí n ra mesh ẹlẹ́ni mẹ́ta, ìyẹn ẹ̀rọ mẹ́ta tó jọ ń pín wáìfáì kan ṣoṣo. Fún fúláàtì oníyàrá méjì? Owó dànù ni.

Ẹ ṣọ́ra fún wáyà. Cat 6, orúkọ irú wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan, ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n mo fi bíléèdì ha ọ̀kan nínú fọ́nrán rẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á. Àwọ̀ pupa bó, funfun yọ lábẹ́ rẹ̀: alumíníọ̀mù ni, kọ́pà kàn bò ó ni. Mo ní kó gbé mìíràn wá. Nígbà tí mo ń fi ẹnu sí i nílé, ọmọ mi ló ń ka àwọ̀ rẹ̀ sí mi létí láti ọwọ́ òsì: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn. Bákan náà ni lápá kejì.

Mo fi ráútà tuntun sí Access Point, ìyẹn ni pé kó kàn máa pín wáìfáì, kí àwọn méjèèjì má baà jọ máa pín àdírẹ́ẹ̀sì nínú ilé kan. Mo pa WPS, ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn wọlé láìtẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, mo yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi kanlẹ̀kùn. Ìyá Ìbejì ìsàlẹ̀ ni.

"Bàbá Dámi, ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ dákun, kí ló ṣe wáìfáì wa?"

"Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì, a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Jẹnẹrétọ̀ wọn ló ń fa omi fún gbogbo ilé. Mo ṣí guest, wáìfáì ti àlejò, fún wọn, mo sì fi ìdíwọ̀n sí i kí fíìmù wọn má baà gbé fáìlì mi mì.

Mo fi bátìrì kékeré oní-12V sábẹ́ àwọn méjèèjì, kí wọ́n má baà kú láàárín ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ sí ìgbà tí a bá tan jẹnẹrétọ̀. Àwọn kan wà lọ́jà tó jẹ́ lítíọ̀mù mẹ́ta lásán tí wọ́n tò pọ̀: 12.6 nígbà tó bá kún, 11.1 kó tó pẹ́, yóò sì máa lọ sílẹ̀. Èyí tó ń mú 12 dúró ṣinṣin ni kí ẹ bèèrè.

Láti aago méje alẹ́ sí mẹ́wàá, 8.8.8.8 ṣì ń fà, ráútà sì ń dáhùn wéré. Máàsì ló kún nígbà yẹn, kò sí ohun tí mo lè rà n'Íkẹjà tó lè tú èrò orí rẹ̀ ká. Fáìlì tó bá tóbi, mo máa ń tò ó kó lọ láago mẹ́rin ìdájí, kí àwọn atẹ̀wé tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ti wà lọ́wọ́ wọn.