Bí Mo Ṣe Polówó Oúnjẹ Àárọ̀ fún Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ́ni, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ní kí n wá bí àwọn ọmọ yóò ṣe máa jẹun kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016 wà fún kíláàsì kìíní sí ìkẹta, kò kan àwọn tí mo ń kọ́.

Philip Kotler àti Gerald Zaltman, àwọn onímọ̀ nípa ọjà títà, ti ṣàlàyé ní 1971 pé ọgbọ́n tí ọlọ́jà fi ń tajà ṣeé fi polówó ìwà tó ń ṣe àwùjọ láǹfààní. Ohun mẹ́rin ni ọlọ́jà ń rò: ọjà fúnra rẹ̀, iye rẹ̀, ibi tí yóò ti tà á, àti igbe tí yóò fi polówó rẹ̀. Igbe yìí nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí.

Mo kọ́kọ́ lọ bá àwọn ìyá. Kò sí èyí tí kò mọ̀ pé oúnjẹ àárọ̀ dára. Ọ̀kan tó ń ta tòmáàtì ní, “Tíṣà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń lọ gba ọjà. Ta ni yóò po ògì?” Owó bisikí ló máa ń fún ọmọ rẹ̀. Àsìkò ni oúnjẹ náà ń ná wọn ju owó lọ.

Nítorí náà, mo bẹ ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu géètì wa, tí kì í gbé epo kaná títí di àsìkò ìsinmi, pé kí ó máa tètè dé. Ó gbà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ àwìn, àwọn òbí sì ń san owó ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Àkàrà àti ẹ̀kọ tútù inú ewé kò wọ́n ju bisikí àti mínírà lọ, ẹ̀wà sì ní purotéènì tí ń mú ọmọ dàgbà. Nítorí epo, a ń fi mọ́ínmọ́ín rọ́pò àkàrà lọ́jọ́ mìíràn.

N kò sọ̀rọ̀ fítámì fún àwọn ọmọ rárá. Àwọn tó ń sáré fún ilé-ìwé ni mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ máa jẹ ẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, a sì fún wọn ní igbe kan: “Bisikí ò gbé mi dọ́sàn-án, ẹ̀kọ àtàkàrà ló gbé mi débẹ̀!” Kíá ni àwọn yòókù ti ń tò.

Mo gba oníbisikí níyànjú pé kí ó máa ta ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ń ta ẹ̀pà báyìí, ṣùgbọ́n kò fi bisikí sílẹ̀.