Ẹ má tíì dárúkọ ohun tó ń pa tòmátì yín: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí fúngọ́ọ̀sì inú ilẹ̀

Lóko bàbá kan lẹ́yìn Ìkọ̀lé-Èkìtì, tòmátì ti ń so, àmọ́ ewé rẹ̀ ń rọ. Ẹ̀gbẹ́ kan lára igi kan náà ti di àwọ̀ ìyeyè, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì tutù yọ̀yọ̀. Bàbá ní, "Ọmọ mi, omi ni kò tó wọn." Bẹ́ẹ̀ òjò ti rọ̀ mọ́jú. Mo fi ọ̀bẹ gé igi kan nítòsí ilẹ̀, mo là á sí méjì, mo sì gbé e sún mọ́ ojú wọn. Lábẹ́ èèpo, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó lọ sókè tààrà, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí a kò fi mílíìkì sí. Ojú iṣan tí omi ń gbà gòkè nìyẹn. Fúngọ́ọ̀sì inú ilẹ̀ kan, Fusarium oxysporum, ló gba ẹnu gbòǹgbò wọlé, ó dí i pa. Kí ẹ da odò sí ìdí rẹ̀, kò ní dé ewé.

Omi ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Àwọn mìíràn á sáré lọ ra oògùn fúngọ́ọ̀sì, nígbà tó jẹ́ pé bakitéríà ló ń jà. Ẹ gé igi tó rọ, ẹ fi ibi tí ẹ gé sínú ìgò omi tó mọ́, kí ẹ gbé e dúró láìmì. Bí ohun funfun bíi omi ògì bá ń tú jáde bí òwú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, Ralstonia solanacearum nìyẹn, oògùn fúngọ́ọ̀sì kò ràn án. Bí òwú funfun bá sì bo ìdí igi, tí hóró kéékèèké tó tó irúgbìn ewédú wà lára rẹ̀, fúngọ́ọ̀sì mìíràn, Sclerotium rolfsii, ni ẹ ń wò, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀ náà.

Èyí tó ti kú pátá ni wọ́n sábà máa ń gbé wá fún àyẹ̀wò, wọn á tún di í sínú ọ̀rá. Á ti làágùn, á ti jẹrà, gbogbo ohun tó ń jẹ òkú igi á ti kún inú rẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ ni kí ẹ mú, kí ẹ fi ìwé ìròyìn wé e, kí ẹ má fi í sóòrùn.

Ibi tó ń dùn mí jù ni inú yàrá àyẹ̀wò, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń fi owó ńlá ra orúkọ tí kò péye. Apá DNA tí wọ́n ń pè ní ITS ni àwọn onímọ̀ dábàá ní 2012 gẹ́gẹ́ bí àmì ìdánimọ̀ fún gbogbo fúngọ́ọ̀sì. Ó dára fún púpọ̀ nínú wọn. Fún Fusarium, kò tó. Láti 1997 ni ìwádìí ti fi hàn pé oríṣi ITS méjì tí kò dọ́gba lè wà nínú Fusarium kan ṣoṣo. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ilé àyẹ̀wò kan fi èsì ránṣẹ́ sí mi: Fusarium oxysporum, ìbáramu 99 nínú 100. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo fúnra mi wo àkójọ àwọn orúkọ tó bá a mu ni mo rí i pé irú Fusarium mìíràn wà ní ìlà kejì, ìkẹta àti ìkẹrin, iye kan náà ni gbogbo wọn gbà. Ẹni tó kọ èsì náà kàn mú orúkọ tó wà lókè. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, jíìnì TEF1 ni kí ẹ béèrè, kí ẹ fi RPB2 tì í lẹ́yìn. Kí ẹ sì tó yọ DNA rárá, ẹ rí i pé inú hóró fúngọ́ọ̀sì (spore) kan ṣoṣo ni ohun tí ẹ ń tọ́ ti hù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀dá méjì lẹ ó pọ̀ mọ́ra tí ẹ ó sì fún lórúkọ kan.

Bí orúkọ bá wá tọ̀nà ńkọ́? Iṣẹ́ kò tíì tán. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Fusarium oxysporum pọ̀ lọ jàǹtìrẹrẹ nínú ilẹ̀ tí kò pa ohunkóhun, òmíràn tilẹ̀ ń gbé inú gbòǹgbò láìṣe é níbi. Àwọn tó ń pa irúgbìn pín sí ẹ̀ka tó lé ní 100: lycopersici ń pa tòmátì, tracheiphilum ń pa ẹ̀wà, cubense ń pa ọ̀gẹ̀dẹ̀. TEF1 kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa, nítorí ẹni tí wọ́n jọ ń pa tòmátì lè má jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ìwádìí tó jáde ní 2010 ló tú àṣírí rẹ̀: odindi krómósómù (okùn tó gbé DNA) tó ní agbára láti pa irúgbìn lè fò láti ara Fusarium kan bọ́ sára òmíràn, kí èyí tí kò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ wá di apani. Orí irú krómósómù bẹ́ẹ̀ ni àwọn jíìnì tí wọ́n ń pè ní SIX wà, àwọn náà ni kí ẹ wá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fúngọ́ọ̀sì yín sí gbòǹgbò ọmọ tòmátì tó mọ́, nínú ilẹ̀ tí ẹ ti sè, kí ẹ wò ó bóyá yóò rọ. Bó bá rọ, ẹ tún yọ ọ́ níbẹ̀, kí ẹ rí i pé òun náà ni. Mi ò gba ìwé tó fo ìgbésẹ̀ yìí gbọ́, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dára tó.

Ẹlòmíràn á mú igi márùn-ún lóko kan ṣoṣo nítòsí Adó, á wá kọ ọ́ pé òun ti mọ oríṣiríṣi tó wà ní Èkìtì. Ẹ dé Ìkẹ́rẹ́, ẹ dé Ìjerò, ẹ dé Ẹ̀fọ̀n, ẹ mú ju ẹyọ kan lọ lóko kọ̀ọ̀kan. Bí RAPD (ọ̀nà kan tí a fi ń wo ìyàtọ̀ DNA bí ìlà) lẹ bá sì lò, ẹ tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí ìlà tó hàn lónìí lè má hàn lọ́la.

Kí ni àgbẹ̀ fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe? Irúgbìn tó tọ́ ni yóò fi yàn. Ìran mẹ́ta ni lycopersici tí a mọ̀, tòmátì tó sì lè kojú ìran kìn-ín-ní lè ṣubú níwájú ìkẹta. Lára agolo irúgbìn, wọ́n lè kọ F, FF tàbí FFF sí i láti fi iye ìran tó lè kojú hàn. Àmọ́ F1 tí ẹ ń rí kò sọ ohunkóhun nípa àrùn, ohun tó ń sọ ni pé ọmọ àkọ́kọ́ láti inú oríṣi méjì tí wọ́n fi pọ̀ ni. Bàbá Ìkọ̀lé ti ra F1 lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n rò pé ààbò ni wọ́n rà.

Ilẹ̀ tó bá ti ní in, ẹ má kó erùpẹ̀ rẹ̀ kúrò. Fúngọ́ọ̀sì yìí máa ń ṣe hóró tí awọ rẹ̀ nípọn, tó lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí tòmátì kankan níbẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé bàtà, ó ń tẹ̀ lé ọkọ́ àti táyà tírákítọ̀. Ẹ fọ ọkọ́ kí ẹ tó kọjá sí oko kejì. Oko tó ń rọ ni kí ẹ ro gbẹ̀yìn.